Ìtọ́jú Ọkọ̀: Àmì Funfun Lára Ọ̀dà

Ẹ̀yin oníṣòwò àti olùkọ́ wa ní Ìsundunrin àti ní gbogbo agbègbè Èjìgbò, bí òjò bá ti dá, omi kànga ni ọ̀pọ̀ wa fi ń fọ ọkọ̀. Bí oòrùn bá gbẹ omi náà sára ọkọ̀, àmì funfun róbótó-róbótó yóò kù. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹfun tí omi yọ́ láti inú òkúta ilẹ̀ ni. Omi gbẹ, ẹfun kù. Òun náà ní í máa ń dì sí ìsàlẹ̀ kẹ́tùlù.

Ẹ dán omi yín wò: bí ọṣẹ kò bá hó nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀, omi líle ni. Omi òjò kò ní ẹfun yìí. Ẹ máa gbè é sínú àgbá, kí ẹ fi ṣan ọkọ̀ kẹ́yìn. Ẹ fọ ọkọ̀ láàárọ̀ kùtù tàbí lábẹ́ ibòji, kí ẹ sì tètè fi aṣọ rírọ̀ nù ún gbẹ.

Bí àmì bá ti wà níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ po fínígà àti omi ní ọgbọọgba, kí ẹ fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì nígbà tí ara ọkọ̀ bá tutù. Kíkan rẹ̀ ni yóò tú ẹfun náà. Ẹ ṣàn án, ẹ nù ún, kí ẹ sì fi ìda ọkọ̀ kùn ún. Ẹ má fi iyanrìn ha á o!

Bí ó bá pẹ́, yóò jẹ wọ inú ọ̀dà, ó di owó akunkọ̀. Ẹni tí yóò sì ta ọkọ̀, ara rẹ̀ ni oníbàárà kọ́kọ́ ń wò. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.