Ilé Ni Ọmọ Ti Ń Kó Ìwé Kíkà Ròde

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ kíkọ́ ọmọdé ní ìwé kíkà mu gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Alausa, kéde ní Àbújá pé wọ́n ti wọ́gi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí tó sọ ni pé àwọn agbègbè tó lo èdè abínibí jù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Ìṣirò yìí kò jọra wọn. Ọmọ tó wà ní kíláàsì kìíní nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìlànà náà ní ìparí ọdún 2022 kò tíì kọjá kíláàsì kẹrin lọ́jọ́ tí mínísítà ń sọ̀rọ̀. Ìgbà wo ló wá jókòó ṣe ìdánwò àṣejáde ilé-ẹ̀kọ́ girama? Òótọ́ ni pé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ọdún 1977 ti ní kí èdè abínibí ṣíwájú ní àwọn kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n orí ìwé ni ìlànà yẹn wà ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Oògùn tí aláìsàn kò mu, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ni kò jẹ́ kí ara rẹ̀ yá.

Agbègbè Akọ́kà ní ìlú Èkó yẹ kí ó ní ohun tí yóò sọ sí ọ̀rọ̀ yìí. Ibẹ̀ ni Yunifásítì Èkó wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962. Ibẹ̀ náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ wà, èyí tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1967. Síbẹ̀, béèyàn bá rìn díẹ̀ wọ àwọn àdúgbò Bàrígà àti Ṣómólú, yóò rí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni lọ́tùn-ún lósì, tí pátákó iwájú wọn ń ṣèlérí Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán. Àwọn òbí tí wọ́n ń tajà láti òwúrọ̀ dalẹ́ ló ń san owó náà. Wọn kò jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí ọmọ wọn mọ̀wé.

Ṣùgbọ́n kí ni ìwé kíkà gan-an? Ọmọ tó gbójú sókè, tó ń ka gbogbo ojú ìwé láìwo ọ̀rọ̀ kan, kò tíì kàwé; àkọ́sórí ló ń sọ. Ìwé kíkà ni pé kí ọmọ rí àmì, kí ó mọ ìró tí àmì náà dúró fún, kí ó so àwọn ìró náà pọ̀, kí ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ láti ẹnu ara rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò bá sí ní etí ọmọ tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ náà di méjì: kí ó tú àmì, kí ó tún máa wá ìtumọ̀ kiri.

Níbí ni Yorùbá ti ṣeé fọkàn tán fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà 25 ni èdè náà ní, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí ìró rẹ̀ padà. Gẹ̀ẹ́sì ní lẹ́tà 26, ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ ju 40 lọ. Lẹ́tà c inú cat kì í ṣe c inú city, bẹ́ẹ̀ ni ìró tough kò jọ ti though. Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá, tó sì mọ ìró b àti ìró à, yóò ka bàtà láìpẹ́. Bí ó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan pé àmì ń sọ̀rọ̀, kò ní gbàgbé ọgbọ́n yẹn mọ́, òun ni yóò sì gbé dé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Wọ́n ti dán irú nǹkan báyìí wò rí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatúndé Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn mìíràn fi Yorùbá ṣe ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà wọ́n bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó fi Yorùbá parí ṣe dáadáa jù nínú àwọn iṣẹ́ yòókù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan sọ pé ìwé tuntun àti olùkọ́ tó dáńtọ́ ló fa àṣeyọrí náà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ìjọba kò fi pèsè méjèèjì, kí ó tó dá èdè lẹ́bi?

Àtakò tó lágbára jù ni pé kì í ṣe gbogbo ọmọ Bàrígà ni Yorùbá. Ọmọ Ègùn wà níbẹ̀, ọmọ Ìgbò wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá mìíràn sì wà tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni òbí wọn ń bá wọn sọ nílé. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ń gbọ́ Yorùbá ní ojú pópó, ní ọjà àti níbi tí wọ́n ti ń ṣeré. Ní ti ọmọ tí kò gbọ́ ọ rárá, kí olùkọ́ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí wọ́n ṣe pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì náà.

Èdè nìkan kò tó, ọ̀nà ìkọ́ni ṣe pàtàkì. Bí olùkọ́ bá kọ igba sójú pátákó láìfi àmì ohùn sí i, ọmọ kò ní mọ̀ bóyá igbá ni, tàbí ìgbà, tàbí igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ. Ìró ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́, pẹ̀lú dò, re, mí. Kí wọ́n tó dé orí ọ̀rọ̀, kí wọ́n tó dé orí gbólóhùn.

Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2018 ti sọ ẹ̀kọ́ Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni, ìkéde Àbújá kò sì pa òfin náà rẹ́. Láti 2020 ni ètò EKOEXCEL sì ti ń fi tábúlẹ́ẹ̀tì ran àwọn olùkọ́ ìjọba lọ́wọ́. Kí Èkó fi ìdajì wákàtí sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún kíka Yorùbá ní kíláàsì kìíní àti ìkejì, kí àwọn tó ń kọ́ olùkọ́ ní Akọ́kà sì fi bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé ní ìró lẹ́tà ṣe iṣẹ́ dandan.

Ní ti àwọn òbí, ìdánwò kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀. Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé ọmọ, tí kò tilẹ̀ nítumọ̀, bíi fèdó, sórí bébà, kí wọ́n ní kí ọmọ kà á. Bí ó bá kà á, ó ti mọ ìwé kà nìyẹn. Bí kò bá lè kà á, owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ, ìwé kíkà kò tíì dé.