Agbára tí kò sí nínú ìwé

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àjà karùn-ún ni mo ń gbé ní Hellersdorf, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé alájà púpọ̀ tí ìjọba Jámánì Ìlà-oòrùn kọ́ ní àwọn ọdún 1980, hẹ̀rẹ̀huru ọ̀hún kì í sì ṣe òwe fún mi mọ́. Ìró ọkọ̀ ni. Bó bá ti di aago kan òru, ẹnì kan á tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lójú títì Hellersdorfer Straße, sàlẹ́ńsà rẹ̀ á máa ró gbàà! gbàà! bí ìbọn ọdẹ, ọmọ mi á ta jí. Ó pẹ́ tí mo ti ń bú onítọ̀hún nínú ọkàn mi. Àfi bí àbúrò wa kan, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, ṣe pè mí lọ́sàn-án Sátidé: "Bọ̀dá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ o, ẹ wá bá mi yọ̀."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Golf GTI tuntun ni, pupa fòò, òórùn tuntun ṣì wà lára àga rẹ̀. Kìlómítà 400 péré ló tíì rìn. Mo gbàdúrà fún un, mo sì bá a yọ̀ tọkàntọkàn. Ìgbà náà ló wá sọ pé Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ lòun máa gbé e lọ bá àwọn kan kí wọ́n fi kún agbára rẹ̀. "Wọ́n á kàn so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn ni, Bọ̀dá. Wákàtí méjì, ó parí. Agbára ẹṣin 265 ló ní báyìí, ó máa lé ní 300." Mo bi í pé ṣé wọ́n á kọ iye tuntun yẹn sínú ìwé ọkọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, ta ló máa mọ̀?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń bi í.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ya ara mi sọ́tọ̀ lára àwọn àgbà kan. Wọ́n á ní kí ló fẹ́ fi ọkọ̀ eré ṣe, ṣé kò lè fi owó yẹn kọ́lé sí Ìbàdàn ni? Èmi ò sí lára wọn o. Ọmọ tó fi ọdún mẹ́rin ṣiṣẹ́ òru, tí kò jalè, tí kò lu jìbìtì, bó bá ra ohun tó wù ú, ó tọ́ sí i. Èmi náà fẹ́ràn ọkọ̀ tó lágbára. Agbára tí a fi pa mọ́, tí a kò lè fi ìwé rẹ̀ han ẹnikẹ́ni, òun ni mo ń bá jà.

Ta ló máa mọ̀? Ẹ́ńjìnnì ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Tọ́bò kì í ṣe idán. Èéfín gbígbóná tó ń jáde látinú ẹ́ńjìnnì ló ń yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan, abẹ̀bẹ̀ yẹn sì ń yí èkejì rẹ̀ tó ń fún afẹ́fẹ́ padà sínú ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ sí i, epo á pọ̀ sí i, agbára náà á pọ̀ sí i. Abẹ̀bẹ̀ yìí lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, èéfín tó ń gbá a sì lè gbóná kọjá 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọ́ìlì tín-ín-rín ni kò jẹ́ kí irin jẹ irin. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń ṣọ́ gbogbo rẹ̀, òun ló ń sọ pé, "Ó tó." Iṣẹ́ àwọn oníláptọ́ọ̀pù kò ju pé kí wọ́n yí "ó tó" yẹn padà lọ. Wọ́n á ní kí tọ́bò fún afẹ́fẹ́ sí i, wọ́n á fi kún epo, wọ́n á yí àkókò tí iná ń ṣẹ́ padà. Wọn ò fi irin kankan kún un. Irin àná náà ni, ẹrù òní ni wọ́n dì lé e lórí. O sì fẹ́ ṣe èyí fún ẹ́ńjìnnì tí kò tíì rìn tó kìlómítà 1,500, tí àwọn irin inú rẹ̀ ṣì ń bára wọn mọ́ra?

Àbúrò mi, ọkọ̀ tí o rà yẹn, wọ́n ti fi agbára kún un kí o tó rà á. Ní 1973 tí BMW gbé 2002 turbo jáde, agbára ẹṣin 170 ló ní, ariwo sì ta ní Jámánì pé irú ọkọ̀ yẹn ti le jù fún ojú títì. Tìrẹ ní 265, o sì ń gbé e lọ ra búrẹ́dì. Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe é ṣahun sí ọ tí wọn ò fi fún ọ ní 300. Àdéhùn ni iye yẹn jẹ́ láàárín ẹ́ńjìnnì, jíà, bíréèkì àti táyà. Tí o bá lọ bá ẹ́ńjìnnì nìkan sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, bíréèkì ò gbọ́, táyà ò gbọ́. Ọjọ́ tí wọ́n máa gbọ́ ni ọjọ́ tí ọmọdé bá já sójú títì níwájú rẹ. Ẹ má sì gbàgbé pé eré tó di ìlọ́po méjì máa ń sọ agbára ìkọlù di ìlọ́po mẹ́rin. Ọkọ̀ tó ń sáré 100 kò burú ní ìlọ́po méjì èyí tó ń sáré 50. Ìlọ́po mẹ́rin ni.

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà máa mọ̀. Tí jíà bá kọṣẹ́ lóṣù kẹfà, kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, wọ́n sì lè rí i níbẹ̀ pé ẹnì kan ti tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀rí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún ọ, o dágbére fún un nìyẹn. Báńkì náà ńkọ́? Ṣé kì í ṣe owó báńkì lo fi rà á? Ìwé ọkọ̀ apá kejì ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ohun ìdúró fún gbèsè lo fẹ́ lọ tú yẹn o.

Inṣọ́ránsì máa mọ̀. Tí o bá kọlu èèyàn, wọ́n á san owó fún ẹni tó fara pa, torí òfin fi dandan lé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lè padà wá bá ọ, kí wọ́n gba tó 5,000 yúrò lọ́wọ́ rẹ torí pé o fi kún ewu láì sọ fún wọn. Ní ti ọkọ̀ tìẹ gan-an, wọ́n lè gé owó náà kù, wọ́n sì lè má san kọ́bọ̀.

Ọlọ́pàá máa mọ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n á fi dá mi lóhùn: "Ṣebí nílé wọ́n ń ṣe é." Bẹ́ẹ̀ ni. Ní Ládípọ̀ ní Mushin, èèyàn lè ra ẹ́ńjìnnì lóòró, kí mẹkáníìkì gbé e sínú ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọgbọ́n ọwọ́ ni, mo sì kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ti kú ni wọ́n ń jí dìde, kí olówó ọkọ̀ lè rí oúnjẹ jẹ. Tìẹ ò kú. Ilẹ̀ tí a sì wà yìí, bí o bá fi kún agbára ọkọ̀ tí àwọn TÜV tàbí ẹlẹgbẹ́ wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n fọwọ́ sí i, àṣẹ tí ọkọ̀ náà fi ń rìn lójú títì ti kú nìyẹn, kódà kó máa dán gbinrin.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Hellersdorf kọ́ ni ibi tí aláwọ̀ dúdú á ti gbé ọkọ̀ aláriwo kọjá kí wọ́n má wò ó. Lọ́dún 2013, àwọn èèyàn jáde níbí láti lòdì sí ilé tí wọ́n fẹ́ fi àwọn asásálà sí. Nǹkan ti yí padà púpọ̀ láti ìgbà náà, àmọ́ wọ́n ṣì ń dá wa dúró. Kò dáa, kò tọ́, a ò sì gbọ́dọ̀ yé sọ pé kò tọ́. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá fi iná kékeré wo ojú rẹ látojú fèrèsé ọkọ̀, ìwé ni yóò gbà ọ́ sílẹ̀. Kí ló dé tí ìwọ fúnra rẹ á fi sọ ìwé yẹn di irọ́?

Kóòtù náà máa mọ̀. Lóru ọjọ́ 1 oṣù Kejì 2016, ọkùnrin méjì sá eré ìje ní Kurfürstendamm, níbí ní Berlin. Ọ̀kan gun Audi, èkejì gun Mercedes-AMG CLA 45, ẹ́ńjìnnì lítà 2 tó ní tọ́bò. Wọ́n ń já iná pupa kọjá, eré wọn lé ní 160, títí Audi fi kọlu ọkọ̀ bàbá ẹni ọdún 69 kan tí iná ti fún láyè láti kọjá. Bàbá náà kú. Ní 2020, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ fìdí ẹ̀sùn ìpànìyàn múlẹ̀ fún ẹni tó kọlu bàbá náà, ẹ̀wọ̀n gbére. Ní 2021, wọ́n fún èkejì lẹ́wọ̀n ọdún 13. Ní Hamburg, ọdún kan ṣáájú ti Berlin ni wọ́n ti fìdí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ múlẹ̀, takisí jíjí sì ni ẹni yẹn fi pààyàn.

Láti oṣù Ọ̀kutóbà 2017, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni eré ìje ojú títì ní Jámánì: ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 2, tàbí owó ìtanràn. Kò dìgbà tí ẹ bá jẹ́ méjì. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń sáré asínwín láti mọ ibi tí eré ọkọ̀ rẹ̀ lè dé, òfin kan náà ló máa mú un. Wọ́n lè gba láísẹ́ńsì rẹ̀, wọ́n sì lè gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ náà pátápátá. Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà 2024, a lè gba ìwé ọmọ Jámánì lẹ́yìn ọdún 5 láì ju ti Nàìjíríà nù. Ọ̀pọ̀ wa ló ti ń dúró de ọjọ́ yẹn látìgbà tí a ti dé. Owó ọjọ́ kan ni kóòtù ibí fi ń díwọ̀n ìtanràn. Bó bá ti kọjá ti ọjọ́ 90, ó ti di òkúta lẹ́nu ọ̀nà ìwé ọmọ-onílùú nìyẹn. Agbára ẹṣin àádọ́ta lo fẹ́ fi pàrọ̀ ìyẹn?

"Ṣùgbọ́n Bọ̀dá, A24 ò ní òdiwọ̀n eré." Láwọn apá kan, òótọ́ ni. Láàárín Berlin sí Hamburg, tírélà ńkọ́? Ibi tí wọ́n ti ń tún títì ṣe ńkọ́? Bí o ti rà á yẹn, ó lè sá 250. Ibo gan-an lo ti fẹ́ kí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ? Tí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀ nígbà tí o ti kọjá 130 tí wọ́n dá lámọ̀ràn, wọ́n lè di apá kan ẹ̀bi náà rù ọ́, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ìwọ lo ṣẹ̀.

Nítorí náà, èyí ni ìmọ̀ràn mi. Gbé ọkọ̀ náà bó ṣe wà fún ọdún kan. Fi owó Ọjọ́bọ̀ yẹn ra táyà tó dáa, kí o sì fi ìyókù lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ bíréèkì lójú ilẹ̀ tútù ní pápá ìdánrawò ADAC tó wà ní Linthe. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá 300 ni kò tíì mọ ohun tí 265 lè ṣe. Lẹ́yìn ọdún náà, bó bá ṣì wù ọ́, wá ibi tí wọ́n á ti ṣe é tìwé-tìwé, kí TÜV wò ó, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì sọ fún inṣọ́ránsì àti báńkì. Ó máa wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú, koko ní í le.

Ní ti sàlẹ́ńsà tó ń ró bí ìbọn, mi ò ní ìmọ̀ràn kankan fún ọ. Àwọn bàbá wa rí ọkọ̀ yìí, wọ́n pè é ní ayọ́kẹ́lẹ́. Má sọ ọ́ di nǹkan mìíràn lábẹ́ fèrèsé mi.

Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ. Pè wọ́n kí Ọjọ́bọ̀ tó dé.