Òdòdó arọ̀dẹ̀dẹ̀ fún bàràńdà yín: Ẹ wo oòrùn kẹ́ ẹ tó náwó

Ọ̀rọ̀ òdòdó la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má sì sọ pé ta ló ń wá òdòdó nígbà tí owó ọbẹ̀ kò tíì pé o. Ẹni tó ń gbé yàrá méjì lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí kò ní ilẹ̀ tó lè fi gbin ewédú, tó sì jẹ́ pé ògiri ilé ẹlòmíì ló ń wò látàárọ̀ dalẹ́, ó mọ ohun tí ewé tútù díẹ̀ àti òdòdó mẹ́ta máa ń ṣe fún ọkàn èèyàn.

Ìyàwó ilé kan ló bá mi sọ̀rọ̀ láìpẹ́ yìí. Àjà kejì lòun àti ọkọ rẹ̀ háyà sí. Ó ní ìyá ọkọ òun ń bọ̀ wá kí wọn, lòun bá ní kóun ṣe bàràńdà lọ́ṣọ̀ọ́. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, ó rí petunia, èyí tó pupa àti èyí tó funfun, tí wọ́n ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lára agbọ̀n. Ojú ẹ̀ kò lè gbé e mọ́, ó ra agbọ̀n mẹ́ta. Oṣù karùn-ún ni, òjò ti bẹ̀rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, méjì ti jẹrà, ìkẹta ku igi lásán. Ìyá tó ń gbé nísàlẹ̀ tún ń pariwo pé omi ẹlẹ́rẹ̀ ń kán sórí aṣọ tóun sá, ló bá fẹjọ́ sun lánlọ́ọ̀dù. Lánlọ́ọ̀dù ní kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ kúrò. Ọkọ náà ní òun ò fẹ́ẹ́ gbọ́ orúkọ òdòdó mọ́. Ni obìnrin yìí wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, àbí ọwọ́ mi ni kò dáa ni?"

Mo ní rárá o, ọwọ́ ẹ dáa. Òdòdó tóo rà ni kì í ṣe ti àsìkò yẹn. Nítorí pé mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ nirú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, ni mo ṣe ní ká jọ gbé e yẹ̀ wò.

KÍ LÓ PA PETUNIA RẸ̀?

Púpọ̀ nínú àwọn òdòdó tí wọ́n máa ń gbìn sínú agbọ̀n ìfikọ́, ọlọ́dún kan ni wọ́n. Láàárín ọdún kan péré ni wọ́n máa hù, tí wọ́n máa tanná, tí wọ́n máa so hóró, tí wọ́n á sì kú, bí àgbàdo ṣe máa ń ṣe. Nítorí náà, tó bá lo oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó rọ, ó ti parí iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ tó bá kú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nǹkan mìíràn ló pa á.

Gúúsù Amẹ́ríkà ni petunia ti wá. Ó fẹ́ràn oòrùn, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ooru àti ọ̀rinrin pàdé lórí òun. Òjò ńlá máa ń lù ú mọ́lẹ̀, ewé òdòdó ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra wọn, ìdí ẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ìgbà ọyẹ́ ló dára fún un. Ẹ gbìn ín lóṣù kọkànlá, kẹ́ ẹ fi ṣe ẹ̀ṣọ́ Kérésìmesì títí wọ oṣù kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni lobelia, òdòdó kéékèèké aláwọ̀ búlúù tí àwọn ará London máa ń gbé kọ́ síwájú ilé. Ìbátan otútù nìyẹn. Tí ọmọ yín bá fi hóró ẹ̀ ránṣẹ́ láti òkè òkun, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àmọ́ ẹ má gbìn ín lóṣù kẹta kẹ́ ẹ máa retí iṣẹ́ ìyanu. Tiwọn náà ní èèwọ̀ tiẹ̀: àwọn tó wà ní ìlú ọba kì í gbé agbọ̀n síta títí wọ ìparí oṣù karùn-ún, nítorí yìnyín òru lè pa á.

Ẹ JÓKÒÓ WO OÒRÙN YÍN

Kẹ́ ẹ tó na kọ́bọ̀, ẹ wá ọjọ́ kan tí òjò kò rọ̀, kẹ́ ẹ ṣọ́ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé òdòdó kọ́. Aago mélòó ni oòrùn kàn án? Aago mélòó ló kúrò? Tó bá tó wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òdòdó olóòrùn lẹ máa rà. Tó bá jẹ́ oòrùn àárọ̀ nìkan, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, ó níye èyí tó lè gbà á. Tí oòrùn kì í bá débẹ̀ rárá, ẹ má ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ewé aláràbarà lẹ máa wá. Ẹni tí bàràńdà tiẹ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, kó rántí pé ògiri yẹn máa ń gbóná lọ́sàn-án, ooru ìlọ́po méjì ni òdòdó náà máa jẹ.

ÀWỌN TÓ LÈ BÁ WA GBÉ

Èyí tí mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ ni Portulaca, èyí tí àwọn kan ń pè ní ten o'clock. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ mọ pápásan, tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ máa mọ̀ pé ìbátan ni wọ́n. Ewé ẹ̀ ki, ó ń fi omi pamọ́ sínú, kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, ó kàn ń fẹ̀ tó sì ń rọ̀ sílẹ̀ létí ìkòkò ni. Ó ní pupa, yẹ́lò, funfun àti ọsàn. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé láti bomi rin ín lọ́jọ́ méjì, kò ní kú. Ẹ ra ẹyọ kan péré, kẹ́ ẹ máa já ẹ̀ka tó gùn tó ìka ọwọ́ kan, kẹ́ ẹ tì í bọnú iyẹ̀pẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó ti ta gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan o. Oòrùn ló ń ṣí i, tó bá di ìrọ̀lẹ́, á pa ojú dé. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú, ó lè má tiẹ̀ là. Ẹni tó ń jáde láago márùn-ún ìdájí, tó jẹ́ pé alẹ́ ló ń wọlé, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló máa rí ẹwà ẹ̀.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀, periwinkle ni kó wá. Erékùṣù Madagascar ló ti wá, òdòdó ẹ̀ elétí márùn-ún kì í padé lálẹ́. Ooru kò ṣe é ní nǹkan kan. Èyí tó wọ́pọ̀ nígbòro máa ń dúró ṣánṣán ni, nítorí náà ẹ béèrè èyí tó ń rọ̀ sílẹ̀. Ọ̀tá ẹ̀ ni omi àdágún; tí ìdí ẹ̀ bá ń rin gbindin, á jẹrà.

Ẹni tó fẹ́ àwọ̀ búlúù, kó wá Evolvulus. Ẹni tó fẹ́ òdòdó aláwọ̀ àlùkò, láńtánà arọ̀dẹ̀dẹ̀ wà, tí àwọn labalábá fẹ́ràn. Thunbergia, tó ti ìlà oòrùn Áfíríkà wá, òdòdó ẹ̀ jọ ojú, ó ní àwọ̀ ọsàn, àárín ẹ̀ sì dúdú. Èyí á gun ṣéènì agbọ̀n lọ sókè, á tún rọ̀ sílẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wọn lè lò ju ọdún kan lọ lọ́dọ̀ wa, nítorí yìnyín kò sí, àmọ́ tí wọ́n bá ti gbó, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ tanná mọ́. Ẹ gé ẹ̀ka wọn tún gbìn.

Ibi tí oòrùn rọra ń dé, torenia lè gbà á. Ibi tí kò dé rárá, Tradescantia aláwọ̀ àlùkò tó ní ilà fàdákà ló yẹ. Tí owó bá sì há, ẹ gbin ẹ̀ka ọ̀dùnkún síbi tí oòrùn ń dé. Ewé ẹ̀ máa rọ̀ dẹ̀dẹ̀ bíi ti olówó, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé inú oko ló ti wá.

TẸ́ Ẹ BÁ DÉ Ọ̀DỌ̀ ẸNI TÓ Ń TÀ Á

Ẹ má mú èyí tó ti tanná tán. Èyí tí òdòdó ẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣù, tó kúrú tó sì pẹ̀ka, òun lẹ máa mú. Ẹ yí ewé ẹ̀ dà kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí kòkòrò funfun tó dà bí òwú, ẹ gbé e sílẹ̀. Àwọn tó wà ní Ìbàdàn lè lọ béèrè ọ̀rọ̀ ní NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Ìṣìn láti ọdún 1975. Ọ̀rọ̀ òdòdó wà lára iṣẹ́ wọn.

Kò di dandan kẹ́ ẹ ra ìkòkò olówó gọbọi. Rọ́bà ọ̀dà tẹ́ ẹ ti fọ̀ mọ́, kẹ́ẹ̀gì òróró tẹ́ ẹ gé sí méjì, gbogbo ẹ̀ ló ṣeé lò. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò márùn-ún sí ìdí ẹ̀. Ìkòkò tí kò ní ihò, pósí òdòdó ni. Ẹ po iyẹ̀pẹ̀ dúdú ìwọ̀n méjì pọ̀ mọ́ yanrìn ìwọ̀n kan àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti gbẹ tó sì ti jẹrà ìwọ̀n kan. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù máa jó gbòǹgbò. Òdòdó mẹ́ta sí márùn-ún tó fún agbọ̀n tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30. Tí orí ẹ̀ bá ti yọ ewé mẹ́fà, ẹ já ṣóńṣó ẹ̀ kó lè pẹ̀ka. Èyí tó bá sì ti rọ lára petunia, ẹ máa já a dànù, torí tó bá ti so hóró tán, ó gbà pé iṣẹ́ òun ti parí, kò ní fẹ́ tanná mọ́.

OMI, Ẹ̀FỌN ÀTI ORÍ ỌMỌ

Agbọ̀n tó wà lókè máa ń yára gbẹ ju ti ilẹ̀ lọ, nítorí afẹ́fẹ́ yí i ká. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àràárọ̀ lẹ máa bomi rin ín. Ẹ ti ìka bọnú iyẹ̀pẹ̀. Tó bá ṣì tutù, ẹ fi sílẹ̀. Kí omi má baà kán sórí aṣọ aládùúgbò, ẹ sọ agbọ̀n kalẹ̀, ẹ gbé e lọ sí balùwẹ̀, ẹ bomi rin ín, ẹ jẹ́ kó ro fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó gbé e padà. Omi tẹ́ ẹ fi ṣan ìrẹsì dára fún un, omi ọṣẹ àti omi oníyọ̀ kò dára.

Ẹni tó bá gbé àwo sábẹ́ ìkòkò, kó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ̀fọn Aedes tó ń gbé ibà pọ́njú kiri, inú irú omi kékeré bẹ́ẹ̀ ló máa ń yé ẹyin sí, ó sì lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ rántí pé lọ́dún 2017 ni ibà yìí tún yọjú ní Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Kwara sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ẹ máa da omi àwo nù, kẹ́ ẹ sì fi kànìnkànìn fọ ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán, torí ẹyin ẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ara àwo, ó sì lè wà níbẹ̀ lóṣù mélòó kan láìsí omi.

Ẹ tún wo ibi tẹ́ ẹ ń gbé e kọ́. Lítà omi kan, kílò kan ni. Agbọ̀n tó gba iyẹ̀pẹ̀ lítà mẹ́jọ, tó bá mu omi yó, ó lè wúwo tó kílò mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má kàn án mọ́ sílìn pákó. Ẹ jẹ́ kí kápẹ́ńtà lu ìkọ́ tó ní bóòtù mọ́ kọnkéré, kó má sì wà lókè ibi tí ọmọ ń jókòó ṣeré.

Ẹ MÁ SÈ É MU

Mi ò lè dákẹ́ lórí èyí. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń já ewé periwinkle sè mu fún àtọ̀gbẹ. Òótọ́ ni pé oògùn wà lára ewé yẹn. Láti ọdún 1958 ni àwọn onímọ̀ ní Canada ti rí vinblastine yọ lára ẹ̀, vincristine tẹ̀lé e, àwọn dókítà sì ń fi wọ́n tọ́jú jẹjẹrẹ, títí kan jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tíńtín ni wọ́n ń lò, wọ́n á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò, torí agbára ẹ̀ lè pa àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ba iṣan jẹ́. Ta ló ń wọn ti inú ìkòkò àgbo? Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹ má pa oògùn dókítà tì nítorí òdòdó bàràńdà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lóyún, ẹ má tilẹ̀ sún mọ́ mímu rẹ̀. Èso láńtánà tútù náà lè ṣe ọmọdé àti ewúrẹ́ léṣe, nítorí náà ibi tọ́wọ́ ọmọ kò lè tó ni kẹ́ ẹ gbé e kọ́ sí.

Mo ti ní kí àbúrò wa yẹn fi Portulaca bẹ̀rẹ̀, agbọ̀n kan péré. Mo sì ní kó tó tún gbé nǹkan kan kọ́, kó lọ bẹ ìyá tó wà nísàlẹ̀, kó bá a tún aṣọ yẹn fọ̀, kó sì já ẹ̀ka mẹ́ta dání fún un. Tí ti ìyá náà bá tanná lójú fèrèsé tirẹ̀, ta ló kù tó máa lọ fẹjọ́ sun lánlọ́ọ̀dù?

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ilé yín kò ní dàrú.