Aurion àti Àwa: Ẹjọ́ Ọmọ Ilé Kì í Ṣe Ẹjọ́ Àlejò

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí lè ya àwọn òǹkàwé kan lẹ́nu, nítorí pé oríkì, ìjálá, ẹsẹ Ifá, eré-onítàn àti ìtàn àròsọ ni a sábà máa ń yẹ̀ wò nínú ìwé àtìgbàdégbà yìí. Géèmù orí kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kì í ṣe géèmù bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ wa ń sanwó ṣe ní ìsọ̀ káàkiri Òṣogbo àti Iléṣà ni mo ní lọ́kàn o. Èyí tí mo ń wí ni irú èyí tí ẹni tí ń ṣe é yóò gbé ìwà ẹ̀dá inú ìtàn wọ̀ bí ẹni gbé ẹ̀kú wọ̀. Tí yóò máa rìn, tí yóò máa jà, tí yóò máa báni sọ̀rọ̀ ní orúkọ ẹ̀dá náà títí ìtàn yóò fi dópin. Bí irú eré bẹ́ẹ̀ kò bá bá eré-onítàn tan, n kò mọ ohun tí ó tún bá a tan.

Orúkọ géèmù náà ni Aurion: Legacy of the Kori-Odan. Ilé-iṣẹ́ Kiro'o Games ní ìlú Yaoundé, ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ni ó ṣe é. Guillaume Olivier Madiba ni aṣáájú wọn. Ó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2016. Láti ìgbà náà ni iyàn rẹ̀ kò ti tán láàrin àwọn tí ó ti ṣe é. Àwọn kan ń yìn ín bí ẹni pé kò lábùkù. Àwọn mìíràn ní kò tó ohun tí ènìyàn ń fi alẹ́ rẹ̀ ṣe. Lójú tèmi, apá méjèèjì ni ó ṣì ọ̀nà, ohun kan náà ni ó sì mú wọn ṣì í: wọn kò fẹ́ jókòó ti iṣẹ́ náà kí wọ́n fi ojú lámèyítọ́ wò ó, bí a ti ń wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ilé.

Ìtàn rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Enzo Kori-Odan jẹ́ ọmọ ọba ní Zama. Ní àsìkò gan-an tí ó yẹ kí ó gbádé, kí ó sì gbé Erine níyàwó, Ngarba Evou, arákùnrin ìyàwó rẹ̀, dìtẹ̀, ó sì gba ìjọba mọ́ ọn lọ́wọ́. Tọkọtaya náà di ẹni tí ń kiri ayé. Wọ́n ń wá agbára tí wọn yóò fi gba ìlú padà, agbára náà kì í sì í ṣe ti ìbọn tàbí ti wúrà: ogún tí àwọn baba ńlá fi sílẹ̀ ni. Òun ni wọ́n ń pè ní Aurion.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó bá gbọ́ èyí kò ní pè é ní ìtàn òkèèrè. Nínú ìtàn tí a gbà lẹ́nu àwọn baba wa, Ajíbógun ni ó gbà láti lọ bu omi òkun wá nígbà tí ojú Odùduwà fọ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń pe ọba Iléṣà ní Ọwá Obòkun títí di òní. Ìgbà tí yóò fi padà dé, àwọn yòókù ti pín ogún tán. Idà ni ó bá níbẹ̀. Ọmọ ọba tí ó rin ìrìn àjò nítorí ìlú, tí ó wálé tí kò bá ìpín rẹ̀ mọ́, tí ó sì ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ilẹ̀ tí yóò jọba lé: kí ni ó kù kí Enzo tó jẹ́ àbúrò rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ dá àwọn tí kò fẹ́ fojú kan géèmù náà lóhùn. Àwọn àgbà kan nínú iṣẹ́ wa wà lára wọn, n kò sì ní torí àgbà kí n pa ọ̀rọ̀ mọ́ ikùn. Wọ́n ní ohun tí kò ti inú ìwé jáde, tí kò sì ti ẹnu akéwì jáde, kò lè jẹ́ lítíréṣọ̀. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni eré orí kọ̀ǹpútà ń sọ ọmọ dà. Irú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jáde ní Òṣogbo. Ní nǹkan bí ọdún 1960, nígbà tí Dúró Ládiípọ̀ mú ìlù ìbílẹ̀ wọ inú orin ìjọ, àwọn àgbà ìjọ rẹ̀ kò gbà á fún un. Ó kó ìlù rẹ̀, ó wá ibòmíràn lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 1962, òun àti Ulli Beier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣí Mbari Mbayo ní Òṣogbo, eré Ọba Mọ́rọ̀ ni wọ́n sì fi ṣí i. Nígbà tí ọdún yí po ní 1963, Ọba Kò So ni wọ́n fi ṣe àjọ̀dún rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń béèrè lónìí bóyá bàtá yẹ nínú Ọba Kò So.

N kò sọ pé Aurion tó Ọba Kò So. Kò tó o, kò tilẹ̀ súnmọ́ ọn. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí kò bá tọ́ ọbẹ̀ wò kò lẹ́nu láti sọ pé iyọ̀ pọ̀ jù níbẹ̀.

Àwọn apá kejì ni ó ń bí mi nínú jù, nítorí pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ba nǹkan jẹ́. Wọ́n ní nígbà tí ó ti jẹ́ pé adúláwọ̀ ni ó ṣe é, kí á má wí nǹkan kan. Wọn a máa ka ìyà tí àwọn oníṣẹ́ náà jẹ: pé láti nǹkan bí 2003 ni èrò rẹ̀ ti wà lọ́kàn Madiba, pé iná mànàmáná ń lọ mọ́ wọn lójú níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, pé kò sí ilé ìfowópamọ́ tí ó ka géèmù sí òwò, tí wọ́n fi ní láti tọrọ owó lọ́wọ́ gbogbo ayé lórí Kickstarter ní 2015, tí owó náà sì ju 40,000 yúrò lọ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó ti ń gbé Òṣogbo kò nílò kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ròyìn iná mànàmáná fún un, mo sì kan sáárá sí àwọn ènìyàn Yaoundé. Ṣùgbọ́n ìnira tí gbẹ́nàgbẹ́nà rí nínú igbó kì í ṣe ara àga. Ẹni tí ó fẹ́ jókòó ni yóò sọ bí àga náà ti rí. A kò dárí ji akéwì tí ohùn rẹ̀ kò dùn nítorí pé ọ̀nà jìn tí ó fi dé ojú agbo. Kí ló dé tí a ó fi ṣe é fún oníṣẹ́ géèmù? Àlejò ni a ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Àlejò ni a ń sọ fún pé ó káre nígbà tí kò ṣe dáadáa.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á dá a lẹ́jọ́.

Ohun tí ó dára nínú Aurion dára gan-an. Èkíní ni èrò tí ó wà ní ìdí ìtàn náà. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ géèmù tí ń ti Amẹ́ríkà àti Japan wá, akọni a máa lágbára sí i nítorí pé ó pa ẹran búburú púpọ̀ tàbí pé ó rí idà tí ó mú jù. Enzo náà ń jà, ó sì ń kó nǹkan jọ. Ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ gidi kì í dé àfi bí òye bá yé e nípa àwọn tí ó ti kọjá lọ, ohun tí wọ́n jìyà fún àti ohun tí wọ́n fẹ́. Àwa tí a ń kí oríkì fún ọmọ láàárọ̀ kí ó tó jáde nílé mọ ohun tí èyí jẹ́. Èkejì ni pé ìlú kan kọ́ ni ó ń fi hàn wá. Bí Enzo ti ń ti ilẹ̀ kan dé òmíràn, ó ń rí bí àwọn alágbára ti ń bá àwọn tí kò lágbára lò, ó ń rí ìlú tí ó ta ara rẹ̀, ó sì ń bi ara rẹ̀ léèrè irú ọba tí òun ìbá jẹ́ bí adé bá padà bọ́ sí òun lórí. Ọ̀rọ̀ òṣèlú nìyí, ti ilẹ̀ Afíríkà, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí a bá tún wá dé orí àwòrán, ọwọ́ ni wọ́n fi yà á, aṣọ, irun dídì, ilé àti ìlẹ̀kẹ̀ inú rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀dà ti àwọn ilé olódi Yúróòpù. Ọmọ tí ó dúdú a rí ara rẹ̀ lórí ìtẹ́, kì í ṣe ní ẹnu ọ̀nà.

Àléébù rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ké lórí ìjà inú rẹ̀: pé ọwọ́ wúwo, pé ẹ̀ṣẹ́ tí ó yẹ kí ó bà kì í bà, pé ìjà kan náà ni a ń jà ní àjàtúnjà títí yóò fi sú ni. Òtítọ́ ni, n kò sì ní dúró pẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ ni. Iṣẹ́ tí ó bá tẹ̀ lé e lè tún un ṣe.

Èyí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìwàásù. Àwọn ẹ̀dá ìtàn Aurion kì í lè rí nǹkan kí wọ́n má ṣàlàyé rẹ̀. Bí ènìyàn bá jà tán, ọ̀rọ̀ yóò tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ náà yóò gùn bí ojú irin, yóò sì jẹ́ ọgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òǹkọ̀wé tí kò gbẹ́kẹ̀ lé ìtàn ara rẹ̀ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú Ọba Kò So, kò sí ẹni tí ó jókòó ṣàlàyé fún wa pé agbára lè pa alágbára. Ìlù sọ ọ́, oríkì sọ ọ́, ìdákẹ́jẹ́ sì sọ èyí tí ó kù.

Ó tún wá ku ti ìpinnu. Géèmù tí ó ní kí n wá jẹ ọmọ ọba ti ṣèlérí fún mi pé n ó pinnu bí ọmọ ọba. Aurion kì í jẹ́ kí á pinnu. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ìtàn ń gbà. Ìbéèrè ńlá ni a ń bi Enzo, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣeré kọ́ ni ó ń dáhùn. Ẹ wo ohun tí ó sọnù síbẹ̀. Nígbà tí a tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà Kírìjì ní 1886, lẹ́yìn tí Ògèdèǹgbé àti Èkìtìparapọ̀ ti kojú Ìbàdàn fún ọdún púpọ̀, wọ́n ní Ìgbájọ, Ọ̀tan, Ìrèsì àti Àdá yóò wà lábẹ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fẹ́ lè kó jáde lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ fi ara yín sí ipò baálé ilé kan ní Ìgbájọ ní ọdún náà. Oko rẹ̀ wà níbẹ̀, ibojì baba rẹ̀ wà níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀ṣà. Ìwé kò lè fi irú ìpinnu yẹn lé òǹkàwé lọ́wọ́, orí ìtàgé kò lè fi lé òǹwòran lọ́wọ́. Géèmù nìkan ni ó lè ṣe é. Aurion ní irinṣẹ́ yìí lọ́wọ́, ó sì gbé e kọ́gi.

Síbẹ̀, èdè ni mo kà sí àléébù tí ó burú jù, òun gan-an ni ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ. Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ̀rọ̀ inú Aurion, Gẹ̀ẹ́sì náà sì ń rùn fún Faransé. Kò sí èdè ilẹ̀ Kamẹrúùnù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí Yorùbá, Haúsá tàbí Swahili. Àwọn tí ó fi ọ̀rọ̀ Swahili ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn ni wọ́n wá mú kí àwọn baba ńlá máa sọ Faransé. Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ lásán ni èyí, pé ìtàn náà ṣì ni. Kì í ṣe ìtàn náà mọ́. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà ni Erine yóò fi pe ọkọ rẹ̀, yóò fi pe arákùnrin rẹ̀ tí ó dìtẹ̀, yóò fi pe ọmọdé ojú ọ̀nà. Ní Yorùbá, kò lè la ẹnu láìyan ipò. Ṣé "ìwọ" ni yóò pe Enzo ni tàbí "ẹ̀yin"? Ní ọjọ́ tí ó gbádé, ṣé Kábíyèsí ni, ṣé olówó orí mi ni? Nígbà tí wọ́n di ìsáǹsá nínú igbó tí adé kò sí mọ́, kí ni ó ń pè é? Bí ó bá ṣì ń kí i bí ọba, ìgbàgbọ́ nìyẹn, àbí ẹ̀gàn ni? Gbogbo ohun tí Kiro'o fi ìwàásù wákàtí kan sọ, orúkọ kan ṣoṣo tí ìyàwó pe ọkọ rẹ̀ ìbá ti sọ ọ́ tán. Eré tí a ti ń gbé ipò wọ̀ ni, ní ilẹ̀ wa sì rèé, inú èdè ni ipò wà.

Mo mọ ìdáhùn tí yóò wá: ọjà ni. Wọ́n ní kò sí ẹni tí yóò ra géèmù ní èdè tí gbogbo ayé kò gbọ́. Ní ọdún 1964, Dúró Ládiípọ̀ kó Ọba Kò So lọ sí àjọ̀dún eré ní Berlin. Yorùbá ni Ṣàngó sọ níbẹ̀, Yorùbá ni Ọya fi dá a lóhùn, àwọn ará Jámánì tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sì jókòó tì í. Ìṣòro tirẹ̀ ju ti Kiro'o lọ, nítorí pé lórí ìtàgé kò sí ibi tí a lè kọ ìtumọ̀ sí. Lójú kọ̀ǹpútà, àyè wà. Ẹni tí ń ṣe Aurion lè yan Faransé, ó lè yan Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kẹta kò bèèrè ju kí àwọn tí ó mọ èdè jókòó sí i. A ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ní Òṣogbo, ní Iléṣà, ní Ifẹ̀, tí ń wá iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lọ́dọọdún. Kí ọ̀kan nínú wọn mú ọ̀rọ̀ tí Enzo àti Erine bá ara wọn sọ lẹ́yìn tí Ngarba gba ìlú, kí ó túmọ̀ rẹ̀, kí ó sì wá sọ fún wa bóyá "ìwọ" ni ó kọ tàbí "ẹ̀yin".