Ọ̀rá Kì Í Gba Ìdí Jáde: Ẹ̀sùn Mi sí Àwọn Tó Ń Ta Ikùn Pẹlẹbẹ

Olùjẹ́jọ́ mi kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Ó máa ń dìde dúró nínú ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní gáréèjì Ìlaró, á kí èrò kú ìrìn, á gbàdúrà fún awakọ̀, ẹ̀yìn àmín ni yóò fa páálí tíì yọ. Ó ń sanwó fún rédíò kí wọ́n lè polówó rẹ̀ ní ìdájí. Ó ń fi fọ́tò ikùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, ti àná rí rọ̀gbọ̀dọ̀, ti òní rí pẹlẹbẹ, a kò sì mọ ẹni tó ni ikùn náà. Ó ń pàtẹ lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀wọdé lọ sí Ìdí-Ìrókò, níbi tí páálí tí wọ́n kọ Faransé tàbí èdè Ṣáínà sí lára ti ń gba ẹnubodè wọlé láti ìhà Kùtọnu. Ìlérí kan náà ni gbogbo wọn ń tà: ikùn yóò wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ò ní fi oúnjẹ du ara yín, ẹ ò sì ní làágùn. Mo pè wọ́n lẹ́jọ́ níwájú ẹ̀yin ará Yewa, láti Ìlaró dé Ayétòrò, láti Ìmẹ̀kọ dé Ìpókíá, torí owó yín ni wọ́n ń gbà, ara yín ni wọ́n sì fi ń dán an wò.

Ẹ̀sùn kìn-ín-ní: wọ́n ń ta ìgbẹ́ gbuuru fún wa, wọ́n ń pè é ní oògùn tó ń yọ ọ̀rá.

Ẹ tú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tíì yìí wò, ewé senna lẹ máa bá níbẹ̀, ìbátan àsúnwọ̀n tí àwọn ìyá wa ti mọ̀ tipẹ́. N kò bá àsúnwọ̀n jà o. Ẹni tí kò rí ìgbẹ́ yà fún ọjọ́ mélòó kan lè lò ó, á sì rí ìtura. Ṣùgbọ́n ìfun ńlá, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ni ewé yìí ti ń ṣiṣẹ́. Kí oúnjẹ tó débẹ̀, ìfun kékeré ti fa èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Omi àti iyọ̀ ara ló ń bá ìgbẹ́ náà lọ. Lóòótọ́, ẹni tó bá gun òṣùwọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kejì lè rí i pé kílò kan ti dín. Kó mu omi, kó jẹun, kílò náà á padà wálé.

Ibo wá ni ọ̀rá ń gbà jáde? Àwọn méjì kan ní Ọsirélíà, Ruben Meerman àti Andrew Brown, ṣírò rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú BMJ, ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2014. Bí ara bá lo kílò 10 nínú ọ̀rá tó kó pamọ́, kílò 8.4 yóò di carbon dioxide, èyí tí à ń mí síta; kílò 1.6 tó kù yóò di omi. Imú ni ọ̀rá ń gbà lọ, kò sí ìgbẹ́ kankan nínú ìṣirò náà. (Kí ẹnikẹ́ni má bàa jókòó kó máa mí hẹlẹhẹlẹ: mímí nìkan kò ṣe é, àfi kí ara kọ́kọ́ ní ìdí tí yóò fi lo ọ̀rá náà.) Ẹni tó sáré lọ sí ṣáláńgá lẹ́ẹ̀mẹfà lóru kò fi ọ̀rá kankan sílẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tó fi sílẹ̀ níbẹ̀ ni potassium, èròjà tí ọkàn fi ń lù déédéé. Ìyá tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú un tọ̀ léraléra, tó wá fi tíì yìí lé e, ewu ńlá ló kó ara rẹ̀ sí. Ǹjẹ́ ẹni tó ń tà á nínú ọkọ̀ bi ẹnikẹ́ni léèrè oògùn tó ń lò? Àdúrà nìkan ló ṣe fún wa.

Ẹ̀sùn kejì ló ń dùn mí jù: wọ́n sọ láfún wa di ọ̀daràn.

Wọ́n ní ẹ̀bà àti láfún ló ń mú wa sanra, kí a lọ ra wíìtì, kí a lọ ra ọ́ọ̀tì. Ní ilẹ̀ yìí ńkọ́, níbi tí wọ́n ti ń rẹ ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń sá a gbẹ, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, kí a tó bí bàbá ẹni tó ń sọ̀rọ̀! Ẹ jẹ́ ká wo òṣùwọ̀n. Nínú gíráàmù 100 gààrí gbígbẹ, láfún, sẹmó tàbí wíìtì, nǹkan bíi 350 kálórì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ sókè, díẹ̀ sísàlẹ̀. Ọ́ọ̀tì tilẹ̀ sún mọ́ 380. Òótọ́ ni pé wíìtì tí wọn kò yọ èèpo rẹ̀ ní okun oúnjẹ jù, ìyẹn sì dára fún ikùn, ṣùgbọ́n ẹni tó fi òkèlè wíìtì ńlá méjì rọ́pò òkèlè láfún ńlá méjì kò tíì ṣe nǹkan kan. Owó rẹ̀ nìkan ló dín.

Ẹlẹ́rìí mi kò jìnnà. Ìgbò-Ọrà àti Ìdèrè, ní Ìbàràpá, lókè Ayétòrò níbẹ̀ yẹn, ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Loyola ti Chicago àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Nàìjíríà ti wọn agbára tí ara àwọn obìnrin ń lò lójoojúmọ́, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Maywood, lẹ́bàá Chicago. Ní 2008 ni èsì jáde. Ìwọ̀n àwọn obìnrin tiwa jẹ́ kílò 58 ní ìpíndọ́gba. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bíi kílò 83. Gbogbo èèyàn rò pé iṣẹ́ oko àti igi ríru ni yóò fa ìyàtọ̀ náà. Rárá o. Nínú iṣẹ́ àti ìrìn, àwọn tiwa ń lo nǹkan bíi 800 kálórì lójúmọ́, àwọn tọ̀hún 760, ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan. Àwo oúnjẹ ni àwọn onímọ̀ náà wá tọ́ka sí: oúnjẹ Ìbàràpá kún fún èròjà afúnnilókun àti okun oúnjẹ, ọ̀rá inú rẹ̀ kéré, ti Maywood kún fún ọ̀rá àti oúnjẹ ilé iṣẹ́. Àwọn ọlọ́kà àti ẹlẹ́bà ló wọn kílò 58.

Ẹ̀rí yìí kan náà tún dá irọ́ mìíràn lẹ́bi, pé ẹni tó bá ti ń sáré láàárọ̀ lè jẹ ohunkóhun tó wù ú. Ẹ máa rìn fún ọkàn yín, fún ẹ̀jẹ̀ ríru, fún oorun tó dára. Bí àwo kò bá yí padà, ìrìn nìkan kì í mú ikùn wọlé.

Ta ni ọ̀daràn inú àwo náà gan-an? Ọbẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. Ṣíbí ìjẹun òróró kan tó kún, ìbáà ṣe pupa, ìbáà ṣe ti ẹ̀pà, ní nǹkan bíi 120 kálórì. Ẹ̀gúsí fúnra rẹ̀, nǹkan bí ìlàjì rẹ̀ ni òróró, kí a tó tún wá da epo lé e lórí títí yóò fi léfòó. Lẹ́yìn ọbẹ̀, ìgò. Mínírà tó bá ní gíráàmù 10 ṣúgà nínú mílílítà 100, ìgò 50cl rẹ̀ gbé gíráàmù 50, gbogbo ṣúgà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà tó ń jẹ 2,000 kálórì má ṣe kọjá lóòjọ́. Ìjọba tiẹ̀ fi òfin ìnáwó ọdún 2021 bu owó orí náírà 10 lé lítà kan ohun mímu aládùn. Náírà 10! Ẹ lọ wo ibi ayẹyẹ ní Ìlaró lọ́jọ́ Sátidé bóyá ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òfin kankan wà.

Ẹ tún gbọ́ ti Stanford. Christopher Gardner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín àwọn èèyàn 609 sí méjì fún odidi ọdún kan: apá kan dín ọ̀rá kù, apá kejì dín oúnjẹ oníyẹ̀fun àti aládùn kù. Ní 2018 wọ́n kéde èsì: kílò 5.3 ló dín ní apá kan, kílò 6.0 ní apá kejì, wọn kò sì rí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn. Àpapọ̀ ohun tó ń wọ ẹnu ló ṣe pàtàkì, àti bóyá èèyàn lè máa bá a lọ fún ọdún kan láìsá padà.

Ẹ̀sùn kẹta: ìdajì òótọ́. Wọ́n á gbé nọ́ńbà NAFDAC sókè kí gbogbo ọkọ̀ rí i. Lára ọ̀pọ̀ oògùn ìbílẹ̀ tó gba irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, gbólóhùn kékeré kan tún wà níbẹ̀ tó ní NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí oògùn náà ń sọ pé òun ń ṣe wò. Gbólóhùn yẹn ni àtàńpàkò ọlọ́jà máa ń bò. Ti páálí tí kò tilẹ̀ ní nọ́ńbà kankan wá burú jù. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ sibutramine, tó ń pa ebi lóòótọ́. Ní 2010 ni Yúróòpù àti Amẹ́ríkà yọ ọ́ kúrò lọ́jà, nígbà tí wọ́n rí i pé ó ń fi àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ kún ti àwọn tí ọkàn wọn kò dá ṣáṣá tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn aláṣẹ oògùn ní onírúurú orílẹ̀-èdè kò yéé bá a nínú kápúsù àti tíì tí wọ́n kọ "ewé lásán" sí lára. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Bí tíì ewé bá wá mú ọkàn rẹ máa lù kìkì, tí ebi sì sá lọ pátápátá, má jó. Gbé páálí náà lọ sí ọsibítù.

Ẹ̀sùn kẹrin fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ wo àtẹ àwọn kan dáadáa: oògùn tó ń mú ni tẹ́ẹ́rẹ́ wà lápá ọ̀tún, oògùn tó ń mú ìdí yọ wà lápá òsì, ọlọ́jà kan náà ló ni méjèèjì. Cyproheptadine, oògùn ara yíyún tó máa ń fa ebi, àti dexamethasone, tó ń da ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rú tó sì ń lé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ni wọ́n ń tà fún àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n fi tínínrín bú. Tí wọ́n bá wá sanra tán, tíì ń dúró dè wọ́n. Ẹni tó bá ti ń lo dexamethasone pẹ́, kó má ṣàdédé dá a dúró. Kó lọ rí dókítà, torí ara rẹ̀ lè ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe irú èròjà bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn ẹ̀sùn wẹ́wẹ́, mo kó wọn pọ̀. Omi gbígbóná àti ọsàn wẹ́wẹ́ kì í yọ́ ọ̀rá ara. Ara wa kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀. Káún tí wọ́n ń fi kún un, sódíọ̀mù ló kún inú rẹ̀, ẹlẹ́jẹ̀ ríru kò nílò rẹ̀. Bẹ́líìtì tó ń fún ikùn, bí ẹ bá tú u, ikùn á padà síbi tó wà. Kò sí eré ìdárayá tó ń yan ikùn nìkan kó fi itan sílẹ̀. Ní ti agogo méje tí wọ́n ní kò sí oúnjẹ mọ́: ní 2022, àwọn onímọ̀ ní Guangzhou, ní Ṣáínà, fi èèyàn 139 dán an wò. Àwọn tó há oúnjẹ mọ́ wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, tí wọ́n sì dín in kù, kò fi ohun gidi kan ju àwọn tó kàn dín in kù láìwo aago.

Kí ni wọ́n wá ń sọ ní ti ọkùnrin? Kò sí. Obìnrin tó bímọ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ń fi ikùn bú nínú ọkọ̀, nígbà tí ọ̀gbẹ́ni tó jókòó lẹ́yìn, tí bíà ti gbé ikùn rẹ̀ sórí itan, ń rẹ́rìn-ín. Ìgò bíà ńlá 60cl ní nǹkan bíi 250 kálórì. Mẹ́ta lálẹ́ kan ti tó oúnjẹ kan gbáko, kí a tó dé orí ẹran.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ wà, kò kàn sí ẹni tó ń jèrè lórí rẹ̀ ni. Ní 2002, ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà kéde èsì lórí èèyàn 3,234 tí àtọ̀gbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú. Wọ́n ní kí apá kan dín ìwọ̀n wọn kù ní ìdá 7 nínú 100, kí wọ́n sì máa rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ewu àtọ̀gbẹ fi ìdá 58 nínú 100 dín lọ́dọ̀ wọn. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń lo oògùn metformin, ìdá 31 ló dín. Fún ẹni kílò 90, ìdá 7 kò ju kílò 6 àti díẹ̀ lọ. Kò ní jọ fọ́tò orí WhatsApp, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru yóò mọ̀ ọ́n. Abẹ́rẹ́ tuntun bíi semaglutide náà wà, ó sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ọwọ́ dókítà ni ó yẹ kó ti wá: ní oṣù kẹfà 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ayédèrú rẹ̀ ti wọ ọjà.

Ẹ̀bi ni mo dá fún wọn lórí gbogbo ẹ̀sùn yìí. Bí wọ́n bá ní àwíjàre, kí wọ́n kọ ohun tó wà nínú páálí wọn sí ara rẹ̀ ní Yorùbá, gbogbo rẹ̀ pátá, kí a kà á. Títí di ìgbà náà, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ wọn epo kí ẹ tó dà á sínú ìkòkò, ẹ jẹ́ kí ewédú àti gbúre pọ̀ ju òkèlè lọ, ẹ fi omi rọ́pò mínírà, kí ẹ sì lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà yín wò ní ọsibítù ìjọba tó wà ní Ìlaró tàbí Ayétòrò. Bí ẹ bá ti ra páálí náà tẹ́lẹ̀, ẹ mú un dání lọ.