Ilé ẹ̀gbẹ́ ọsibítù: ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó

Ọ̀rọ̀ ilé rírà kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ tèèyàn rà lọ́jà, tó lè dá padà bí kò bá bá a mu. Téèyàn bá ti kówó lé e, ó di kó máa bá a yí. Ìdí nìyẹn táwọn tó fẹ́ ra ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsibítù fi gbọ́dọ̀ wò ó tinú tẹ̀yìn.

Ẹ fojú inú wo ọkọ kan àtìyàwó ẹ̀ n'Ìbàdàn. Màmá ọkọ ń bá wọn gbé, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń yọ màmá lẹ́nu. Ọkọ rí ilé kan ní Yemẹtu, ó ní ilé náà loun máa rà torí kò jìnnà sí UCH. Ìyàwó fajú ro. "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé inú ariwo siréènì la ó ti máa tọ́mọ ni?" Ọkọ dáhùn, "Ìyá Ìbejì, bí nǹkan bá ṣe màmá lóru ńkọ́? Ṣé Ọlọ́dó la ó ti máa gbé wọn bọ̀?"

Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá kọlù, wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù fún un. Obìnrin tó ń rọbí, tẹ́jẹ̀ ń dà lára ẹ̀, kò lè dúró de súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Èrè àkọ́kọ́ nìyẹn.

Èrè kejì ni ayálégbé. UCH ti wà níbi tó wà láti ọdún 1957, kò sì jọ pé ó fẹ́ kó kúrò. Àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, gbogbo wọn ló ń wá yàrá tí ò jìnnà síbi iṣẹ́. Bó ṣe rí ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, létí LUTH, náà nìyẹn. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, olóúnjẹ ni o, oníkẹ́míìsì ni o, oníbàárà ò ní wọ́n ọn. Ṣùgbọ́n ọsibítù aládàáni tó yá ilé gbé yàtọ̀: bí owó ilé bá wọ́n jù, ó lè kó lọ lọ́la.

Àléébù ńkọ́? Siréènì ò mọ òru. Jẹnẹrétọ̀ ọsibítù máa ń ké nígbà tíná bá lọ. Àwọn tó wá kí aláìsàn lè gbé mọ́tò dí géètì onílé. Bí ilé bá sún mọ́ mọ́ṣúárì, ẹkún kì í tán níbẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ọkàn ló lè gbà á.

Àwọn kan máa ń sọ pé àìsàn á fò láti ọsibítù wọlé ẹni. Irọ́ ni. Ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Ikọ́ ife máa ń ràn láàárín àwọn tó jọ ń mí nínú yàrá kan náà tí atẹ́gùn ò ráyè wọ̀, kì í fo fẹ́ǹsì. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ni pàǹtí. Bí wọ́n bá ń sun ike àti abẹ́rẹ́ lẹ́yìn ọsibítù, eéfín ẹ̀ lóró. Bí ààtàn bá wà níbẹ̀, eku á pọ̀, ara eku sì ni ibà Lassa ti ń wá.

Ẹ má sì gbàgbé pé ìsúnmọ́ kọ́ ni ìtọ́jú. Lọ́dún 2021, ìyanṣẹ́lódì àwọn dókítà ọsibítù ìjọba gba oṣù méjì gbáko. Ẹni tó ń gbé lẹ́nu géètì ọsibítù lásìkò náà, ibòmíì ló ní láti sáré lọ. Ẹ béèrè bóyá ọsibítù náà ń gba aláìsàn pàjáwìrì lóru, àbí aboyún nìkan ni wọ́n ń tọ́jú.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kù. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fún gómìnà láṣẹ láti gba ilẹ̀ fún ìlò aráàlú. Ilé tẹ́ ẹ kọ́ sórí ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣírò owó ẹ̀ fún yín, kì í ṣe iye tẹ́ ẹ fi ra ilẹ̀. Bó bá tiẹ̀ wá jẹ́ pé inú ilẹ̀ ọsibítù gan-an ni wọ́n ti gé e tà, wàhálà dé nìyẹn. Ẹ gbé ìwé sọ́fè lọ sọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí i, Alausa l'Ékòó, Agodi n'Ìbàdàn, kẹ́ ẹ tó sanwó.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ tún lọ lóru. Ẹ bi àwọn ayálégbé léèrè, ẹ má fi mọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà.

Ní ti Bàbá Ìbejì àtìyàwó ẹ̀, ohun tó lè parí ìjà wọn ò le. Kí wọ́n fi ilé tó fara ti fẹ́ǹsì sílẹ̀, kí wọ́n wá èyí tó wà ní àdúgbò kejì tàbí ìkẹta sí i. Bí nǹkan bá ṣe màmá, ọ̀nà ò jìn. Oorun àwọn ìbejì náà ò sì ní dá. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.