Kékeré La Ti Ń Pẹ̀ka Ìrókò

Bí àgbà bá ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ọmọ títọ́ lọ̀pọ̀ wa máa ń rò. Àwọn kan a parí òwe náà pé bó bá dàgbà tán, apá kò ní í ká a mọ́. Àwọn mìíràn a ní bó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà lọ́wọ́ ẹni. Ìparí kejì yìí ni mo dì mú, nítorí òun ló bá iṣẹ́ dókítà ẹbí mu jù létí òkun Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Wo ìyá kan tó ń yan ẹja ní ìlú Ayétòrò níbẹ̀. Orí ń fọ́ ọ, ó ní èéfín ni. Ọjọ́ tó gbẹ́ja lọ sí ìlú Igbókọ̀dá ló tó tún yà sílé ìwòsàn. Dókítà so ẹ̀rọ ìwọnfúnpá mọ́ ọn lápá, ó bá 190 lórí 110.

"Mọ́mì, oògùn tí mo kọ fún yín lọ́jọ́sí ńkọ́?"

"Dókítà ọmọ mi, mo lò ó, ara mi sì yá. Ni mo bá fi í sílẹ̀."

Ìyá yìí kì í ṣe aláìgbọ́n. Ó ro owó ọkọ̀ ojú omi, ó ro owó oògùn tó ń gòkè, ó ro ẹja tí yóò bàjẹ́ bó bá fi ọjọ́ kan sílẹ̀, ó sì rí i pé òun kò ṣàìsàn mọ́. Ẹni tó máa jẹ́ kó yé e pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun èèyàn kó tó ṣe é léṣe gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Ó gbọ́dọ̀ bi í pé ta ló ń sanwó oúnjẹ nílé, kó sì wá oògùn tí agbára rẹ̀ ká. Èrò sì kún ìta fọ́fọ́. Ọmọ kan ń gbóná, aboyún kan ti jókòó láti àárọ̀. Ni dókítà bá tún ìwé oògùn kọ, ó ní kí ẹlòmíràn wọlé. Ó mọ̀ pé òun kò tíì pẹ̀ka kankan.

Bí ẹ̀jẹ̀ ríru náà bá wá di rọpárọsẹ̀ ńkọ́? Ẹbọ dé nìyẹn. Wọ́n á ta àwọ̀n, wọ́n á ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ọmọbìnrin tó yẹ kó wà nílé ẹ̀kọ́ yóò jókòó ti ìyá rẹ̀. Àwọn ará ilé á sì máa bínú sí dókítà pé kò mọṣẹ́.

Dókítà náà ń rúbọ tirẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2025, Mínísítà ètò ìlera, Muhammad Ali Pate, sọ pé ó lé ní 16,000 dókítà tó ti kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọdún márùn-ún sí méje, àti pé dókítà tó kù kò pé mẹ́rin fún 10,000 èèyàn. Iṣẹ́ ẹni tó lọ kò bá a lọ o. Orí ẹni tó kù ló ń já lé. Èmi kò lè bá ẹni tó lọ jà. Ẹni tí oorun kò tó, tí owó oṣù kò tó, yóò wá ibi tó sàn. Ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Ayétòrò fúnra rẹ̀ mọ òwe yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìjọ kan tí wọ́n ń pè ní Àpọ́sítélì Mímọ́ ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1947, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń ná owó láti inú àpò kan, ayé sì ń pè é ní Ìlú Aláyọ̀. Lẹ́yìn náà ni òkun bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ilẹ̀. Ní 2004 ni NDDC, àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, gbé iṣẹ́ ìdènà omi jáde, wọ́n tún gbé e fún agbaṣẹ́ṣe mìíràn ní 2009, omi kò sì yéé wọlé. Ó ti gbé ilé, ó ti gbé ilé ẹ̀kọ́, ó ti gbé ilé ìwòsàn. Ibo ni a fẹ́ kí dókítà tó bá gbà láti wá gbé sùn?

Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò ṣàìmọ bí a ṣe ń pẹ̀ka o. Nígbà tí Olúṣẹ́gun Mímíkò, tí òun náà jẹ́ dókítà, di gómìnà ní 2009, ètò Abíyè bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́. Wọ́n fún àwọn aboyún ní fóònù, wọ́n sì yan òṣìṣẹ́ ìlera tó ní iye aboyún tí yóò máa bẹ̀ wò nílé tì wọ́n. Aboyún kò ní láti dúró dìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya kó tó rí ẹni pè. Iṣẹ́ dókítà ẹbí gan-an nìyẹn, bí kò tilẹ̀ jẹ́ dókítà ló ń gun ọ̀kadà lọ bẹ àwọn aboyún náà wò.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún létí òkun kò ju irú rẹ̀ lọ: nọ́ọ̀sì méjì tí ilé wọn jìnnà sí omi, ẹ̀rọ ìwọnfúnpá, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ìlú jọ ń dáwó rà bí wọ́n ti jọ ń náwó látijọ́, àti ọkọ̀ kan tí yóò máa gbé dókítà láti Igbókọ̀dá wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ìyá tó ń yan ẹja má baà fi ẹja rẹ̀ sílẹ̀. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ ti orí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀.